Ṣé Ẹni Tí Ó Lò Ó Kẹ́yìn Ni Ó Bà Á Jẹ́?

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?" Òwe yìí gbajúmọ̀ ní kíláàsì, nítorí pé olùkọ́ a máa fi í ṣe àpẹẹrẹ ìbéèrè pèsìjẹ. Bí a bá fi ojú inú wò ó, a ó rí i pé ibi tí ìbéèrè náà ti pe èsì jẹ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Àjẹ́ ké: etí gbọ́ ọ. Ọmọ kú: ojú rí i. Ṣùgbọ́n ta ni ó rí okùn tí ó so igbe àná mọ́ ikú òní? Òwe náà kò na okùn yẹn sí wa. Ńṣe ni ó gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ lọ́nà tí ojú yóò fi ti ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè ẹ̀rí.

Ohun tí a ó fi yẹ òwe yìí wò kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Kọ̀ǹpútà inú ilé ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá: bí a ti ń tọ́jú rẹ̀, àti bí a ti ń wá ìdí àìsàn rẹ̀ nígbà tí ó bá dákú. Ohun èlò lásán ni ó jọ lójú, ṣùgbọ́n ìbéèrè ńlá kan fara pamọ́ sí inú rẹ̀, tí ó kan ìwà àti ìdájọ́. Bí ohun kan bá ṣáájú, tí òmíràn sì tẹ̀lé e, ǹjẹ́ ó tọ́ kí á tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ pé èyí èkíní ni ó fa èkejì? Bí kò bá tọ́, kí ni ó yẹ kí á ṣe kí á tó na ìka sí ẹnikẹ́ni?

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ìwòyè-Kétu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà ti fi ẹ̀gbẹ́ kan ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ọmọ Kétu ni wọ́n níhìn-ín, ọmọ Kétu ni wọ́n lọ́hùn-ún. Àdéhùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé ṣe ní ọdún 1889 ni ó fa ààlà sí àárín wọn. Ní irú ìlú ẹnubodè báyìí, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà tí agbára mẹ̀kúnnù ká. Ó ti sin ẹlòmíràn ní òkè òkun fún ọdún mélòó kan kí ó tó dé. Nígbà tí ó bá sì dé, iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀ ni yóò bá, àti jẹnẹrétọ̀ tí ohùn rẹ̀ ń ga tí ó ń rẹlẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku kì í jẹ́ kí ojú fèrèsé mọ́, áḿbọ̀sì inú ẹ̀rọ.

Ká sọ pé baálé ilé kan ní ìlú náà ra irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn ọmọ. Kò ṣe àṣejù, nítorí láti ọdún 2015 ni ó ti jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà nìkan ni a ti ń ṣe ìdánwò àṣewọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí àjọ JAMB ń ṣètò. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá yá lórí rẹ̀ yóò fi àkókò ṣòfò. Ọmọkùnrin kan wà nínú ilé náà tí kì í ṣe ọmọ bíbí wọn. Ìbátan ìyàwó ilé ni, láti abúlé ni ó ti wá kí ó lè lọ sí ilé ìwé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, òun ni ó lo ẹ̀rọ náà kẹ́yìn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tan ẹ̀rọ, kò fọhùn.

Baálé béèrè pé, "Ta ni ó lò ó kẹ́yìn?" Gbogbo ojú yí sí ẹnì kan ṣoṣo.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo pa á dáadáa kí n tó lọ sùn."

"Ṣé èmi wá ni mo bà á jẹ́ lójú oorun?"

Kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀, ọmọ náà ti gba ìgbátí. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tí ó rò pé a ṣe àìdáa. Ẹjọ́ ti parí kí á tó gbọ́ ọ.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀. Ẹni tí ó kéré jù, tàbí ẹni tí kò ní alágbàwí, ni ó sábà máa ń jẹ́ ẹni ìkẹyìn nínú ilé. Bí ó bá jẹ́ baálé fúnra rẹ̀ ni ó lo ẹ̀rọ kẹ́yìn ńkọ́? Iná ni a ó di ẹ̀bi rù. Èyí fi hàn pé "ta ni ó lò ó kẹ́yìn?" kì í ṣe ìbéèrè tí ń wá òtítọ́ ní gbogbo ìgbà, nígbà mìíràn, ẹni tí a lè bínú sí láìséwu ni ó ń wá.

Ẹ jẹ́ kí á tú ẹ̀rọ náà wò. Ohun àkọ́kọ́ tí a ó bá pàdé ni eruku. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà a máa gbóná bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Fáànù kékeré kan ni ó ń fẹ́ ooru náà jáde. Bí eruku bá ti di fáànù náà àti àwọn ihò afẹ́fẹ́ pa fún oṣù mélòó kan, ooru yóò máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, títí di ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà yóò pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná. Ọjọ́ kan ni ó dákú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ kan ni ó fi ṣàìsàn.

Lẹ́yìn náà ni bátìrì pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ, tí wọ́n kọ CR2032 sí lára. Agbára rẹ̀ kò ju fóòtì 3 lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa rántí aago àti ọjọ́ nígbà tí a bá pa ẹ̀rọ, ọdún mélòó kan sì ni ẹ̀mí rẹ̀ mọ. Bí ó bá ti kú, kọ̀ǹpútà lè jí ní òwúrọ̀ kí ó rò pé ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni a wà. Àwọn ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìwé ẹ̀rí tí a kọ ọjọ́ sí. Bí ọjọ́ inú ẹ̀rọ kò bá bá tiwọn mu, ẹ̀rọ yóò kọ̀ láti ṣí wọn, yóò sì máa kìlọ̀ pé ewu ń bẹ. Ariwo yóò ta nínú ilé pé ọmọ kan ti kó fáírọ́ọ̀sì bá a. Bẹ́ẹ̀ sì ni bátìrì kékeré ni ó gbó.

Ìkẹta ni àwọn kàpásítọ̀, àwọn agolo kéékèèké tí ó dúró lórí pátákó inú ẹ̀rọ, tí wọ́n ń gba iná dúró tí wọ́n sì ń tú u sílẹ̀ ní ìwọ̀n. Láàárín nǹkan bí ọdún 1999 sí 2007, ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú wọn jáde ní ilé iṣẹ́ pẹ̀lú omi tí a kò pò dáadáa nínú wọn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, orí wọn wú, wọ́n ya, omi inú wọn sì ń jò jáde, títí kọ̀ǹpútà tí ó gbé wọn sára kò fi lè tàn mọ́. Ẹ̀bi ọmọ wo nìyẹn? Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó wà. Ó ti wà níbẹ̀ kí obì tó dé ọjà.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé iná. Nǹkan bí fóòtì 230 ni ó yẹ kí ó máa wá; bí ó bá ń já wálẹ̀ tí ó tún ń ta sókè ní ojoojúmọ́, ẹ̀yà tí ń pín iná fún ara ẹ̀rọ yóò máa gba ọgbẹ́ tí ojú kò rí. Igi tí a ti fi àáké sá láti àárọ̀, atẹ́gùn díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lè bì í wó. Ṣé atẹ́gùn ni ó gé igi? Ẹni a bá lábà ni à ń pè ní baba. Bákan náà ni a ṣe ń pe ẹni tí a bá ní ìdí ẹ̀rọ ní ẹlẹ́bi.

Báwo wá ni ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ṣe ń wádìí? Ẹnjiníà kọ̀ǹpútà tí ó tó bẹ́ẹ̀ kì í fi "ta ni?" bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ni: "Kí ni ó ṣe? Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Kí ni ó yí padà kí ó tó bẹ̀rẹ̀?" Yóò sì máa ti ìta wọlé. Ṣé iná wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì? Yóò fi ohun mìíràn tí ń lo iná dán an wò. Ṣé wáyà náà pé? Yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣé kọ̀ǹpútà ni kò tàn ni, àbí ojú rẹ̀ nìkan ni kò mọ́lẹ̀? Yóò tẹ́tí sí i, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ a máa dún ní iye ìgbà kan láti fi sọ ẹ̀yà tí ń dùn ún. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó ṣí i, tí yóò yọ ẹ̀yà ìrántí, tí yóò nu ẹnu rẹ̀, tí yóò sì tì í padà kí ó jókòó dáadáa sí àyè rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni yóò máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá yí ohun mẹ́ta padà pọ̀, tí ẹ̀rọ sì jí, inú yóò dùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò mọ èyí tí ó jẹ̀bi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìdánwò rẹ̀ tí ó ga jù ni pé yóò mú ẹ̀yà tí ó fura sí, yóò gbé e sí inú ẹ̀rọ mìíràn tí ara rẹ̀ le. Bí àìsàn bá bá a lọ sí ibẹ̀, ẹ̀rí ti dé. Yóò fi ẹ̀yà tí ó dá a lójú sí ipò rẹ̀; bí ẹ̀rọ tí ó dákú bá jí, ẹ̀rí di méjì. Okùn tí òwe àjẹ́ kò fi hàn wá nìyí. A lè pe ohun kan ní ìdí òmíràn nígbà tí ó bá jẹ́ pé, bí a mú un kúrò, òmíràn a kúrò. Bí a dá a padà, òmíràn a padà. Títẹ̀lé ara wọn nìkan kò tó. Ojoojúmọ́ ni àkùkọ ń kọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí a bá pa àkùkọ jẹ, ilẹ̀ kò ní ṣàìmọ́.

Ìwà ìwádìí yìí ti bá kọ̀ǹpútà wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, ẹ̀rọ ìṣirò ńlá kan tí ń jẹ́ Mark II, ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ségesège. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀ wá inú rẹ̀ wò, wọ́n sì bá àfòpiná kan tí ó há sí àárín irin rẹ̀. Wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ni ìwé náà wà báyìí, pẹ̀lú àfòpiná lára rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé inú ilé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí mọ, à bá ní kí á fi mọ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kan gbogbo orílẹ̀-èdè rí. Nígbà tí èsì ìdánwò JAMB ọdún 2025 jáde, àwọn ọmọ tí máàkì wọn kò tó 200 nínú 400 lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dúró wádìí. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìwòyí kì í kàwé, wọ́n ní fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ ṣáá. Àwọn ọmọ ni ó jókòó ti ẹ̀rọ kẹ́yìn, nítorí náà àwọn ni ó jẹ̀bi. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún náà, ọ̀gá àgbà àjọ JAMB nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèédé, jáde sí gbangba, ó sì sọ pé àṣìṣe wà nínú ètò kọ̀ǹpútà ní ibùdó ìdánwò 157, ní ìpínlẹ̀ Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún ti gúúsù ìlà oòrùn. Àtúnṣe tí ó yẹ kí á fi sínú àwọn ẹ̀rọ tí ń gba ìdáhùn kò dé inú wọn. Ọmọ 379,997 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Omi bọ́ lójú ọ̀gá náà bí ó ti ń tọrọ àforíjì, a sì ṣètò pé kí àwọn ọmọ náà tún ìdánwò ṣe. Kì í ṣe gbogbo máàkì kékeré ọdún yẹn ni ẹ̀rọ fà. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ọmọ tí ó ṣe ọ̀lẹ yàtọ̀ sí ọmọ tí ẹ̀rọ rẹ́ jẹ, kí ìwádìí tó fi ìyàtọ̀ hàn?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tiwọn tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1999 ni ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi ètò ìṣirò owó kan tí ń jẹ́ Horizon, tí ilé iṣẹ́ Fujitsu ṣe, sí orí kọ̀ǹpútà àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò. Bí Horizon bá ti ní owó kò pé, ẹni tí ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ náà ni wọ́n ń kà sí olè. Láàárín ọdún 1999 sí 2015, àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi lé ní 900. Àwọn kan lọ sí ẹ̀wọ̀n, àwọn kan pàdánù ilé àti iṣẹ́, àwọn kan sì ti kú kí òtítọ́ tó fojú hàn. Oṣù kejìlá ọdún 2019 ni adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga sọ ọ́ pé àbùkù ń bẹ nínú Horizon lóòótọ́. Ọdún 2024 ni ilé aṣòfin ṣe òfin tí ó pa ọ̀pọ̀ nínú ìdálẹ́bi náà rẹ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Níbí yìí, ẹnìkan tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn pàápàá; ẹ̀rọ ni.

Ẹnì kan lè wí pé, ṣé àwọn àgbà tí ó pa òwe àjẹ́ kò gbọ́n ni? Wọ́n gbọ́n. Ohun tí ó ṣáájú yẹ ní kíkíyèsí, ìdí sì nìyí tí ẹnjiníà fi béèrè ohun tí ó yí padà kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ìwádìí ni ìfura. Ìjẹ̀bi ni kò sí ní ẹnu ọ̀nà. Ẹlòmíràn lè wí pé, bí a bá ń ṣe báyìí, àwọn ọmọ yóò máa bọ́ lọ́wọ́ ìbáwí. Wọn kò ní bọ́. Bí a bá ṣí ẹ̀rọ tí a sì bá omi tíì nínú rẹ̀, ẹni tí ó da tíì yóò dáhùn. Ìbáwí tí ó bá ẹ̀rí rìn ni ó ń wọ ọmọ lára, nítorí ọmọ náà mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyà tí kò nídìí, irọ́ pípa ni ó ń kọ́ni: ọmọ tí a bá ti lù lórí ohun tí kò ṣe yóò kọ́ láti fi èyí tí ó ṣe pamọ́.

Àwọn ará Kétu pàápàá ní ohun tí wọ́n lè kọ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí àjọ UNESCO kéde rẹ̀ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn àṣà iyebíye àgbáyé, tí ó sì wọ inú àkójọ wọn ní ọdún 2008. Àwọn tí ó dá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ gbà pé àwọn ìyá ní agbára tí ó lè tún ayé ṣe, tí ó sì lè bà á jẹ́. Síbẹ̀, wọn kò dúró de ìgbà tí ọmọ bá kú kí wọ́n tó wá ẹni tí ó ké. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè, ni wọ́n ń gbé ère jáde, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń gẹ̀ àwọn ìyá wọn. Ìgbàgbọ́ wọn kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó pa òwe àjẹ́. Ohun tí wọ́n fi ṣe ni ó yàtọ̀. Wọ́n fi ìtọ́jú ṣáájú ẹ̀sùn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Kí baálé ilé tó béèrè ẹni tí ó lo ẹ̀rọ kẹ́yìn, ó yẹ kí ó lè dáhùn ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀ kẹ́yìn. Kí á gbé kọ̀ǹpútà sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti lè gba ihò rẹ̀ kọjá, kì í ṣe orí ibùsùn. Kí á fi aṣọ bò ó nígbà tí a kò bá lò ó, tí ó sì ti tutù. Kí á fi stabiláísà sí àárín rẹ̀ àti iná, kí á sì yọ ọ́ kúrò lára iná nígbà tí ààrá bá ń sán. Kí á pa á bí ó ti yẹ, kì í ṣe kí á fa wáyà rẹ̀ yọ. Láti oṣù mélòó kan sí oṣù mélòó kan, kí á pa á, kí á ṣí i, kí á fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku inú rẹ̀, kí á di apá fáànù mú kí ó má baà yí, kí á má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́. Kí á máa gba àtúnṣe tí àwọn tí ó ṣe ètò inú rẹ̀ ń fi ránṣẹ́. Lékè gbogbo rẹ̀, kí á ní ẹ̀dà ohun tí a kọ sí ibòmíràn, nítorí kò sí ẹ̀rọ tí kì í kú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ó bá tilẹ̀ bàjẹ́, ọkàn ẹni tí ó ní ẹ̀dà kì í gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbátí tí ọmọ ń jẹ ni ó jẹ́ ìbínú ẹni tí kò pa ohun rẹ̀ mọ́.

Bí ìwádìí bá sì fi hàn pé a ti fi ìyà jẹ aláìṣẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ yóò jí nígbà tí a bá pààrọ̀ bátìrì tàbí tí a bá gbọn eruku, ṣùgbọ́n ojú ọmọ kò ní bẹ̀rẹ̀ sí mọ́lẹ̀ nítorí èyí. Àtúnṣe tirẹ̀ ni kí àgbà pè é níwájú àwọn tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí a nà án, kí ó sì sọ pé òun ṣì í dá lẹ́jọ́. Èyí kò bu àgbà kù. Ilé tí a ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ti lè wá fúnra rẹ̀ wí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ mi ni ó ti bàjẹ́."

Òwe àwọn àgbà bi wá léèrè pé ta ni kò mọ̀. Kí àwọn olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí ìbéèrè yẹn pe èsì jẹ mọ́ ní kíláàsì. Ìdáhùn olóòótọ́ sí i ni pé a kò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣí i wò.